Gìtá Tí Kò Mọ Ọyẹ́: Àròjinlẹ̀ lórí Ẹrù Àjò àti Ìtọ́jú

Ìbéèrè tí ó ti wà láyé kí ọkọ̀ tó dé ni pé irú ẹrù wo ni ó yẹ kí arìnrìn-àjò gbé dání. Àwọn kan a ní ohun tí kò wúwo ni. Àwọn mìíràn a ní ohun tí kì í tètè bàjẹ́ ni. Ìdáhùn méjèèjì mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kan ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ ìwà. Ó di ọ̀rọ̀ ìwà nígbà tí a bá bèèrè pé: ohun tí a yàn yìí, ìtọ́jú wo ni ó ń béèrè lọ́wọ́ wa, ta ni yóò sì bá wa tún un ṣe lọ́jọ́ tí ó bá bàjẹ́? Nínú àròkọ yìí, ohun kan péré ni a ó fi yẹ ìbéèrè náà wò, èyí ni gìtá àjò tí a fi fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ṣe. Ibi tí a ó ti wò ó ni Vittin, àdúgbò kan ní ìlú Tamale ní àríwá orílẹ̀-èdè Gánà. A yan ibẹ̀ nítorí pé ojú ọjọ́ rẹ̀ kì í fi ojú rere wo igi tí a bá lá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àti nítorí pé ìlú Tamale jẹ́ ibi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti fi ojú ara wọn rí ohun tí ó ń jẹ́ ẹrù àjò.

Kí á kọ́kọ́ sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Ohun tí ó pọ̀ jù lọ nínú èédú ni a ń pè ní kábọ́ọ̀nù. Láti ṣe fọ́nrán rẹ̀, wọn a mú fọ́nrán oníkẹ́míkà tí ó ti ara epo rọ̀bì wá, wọn a gbé e sínú iléru tí ooru rẹ̀ lé ní 1,000 ìwọ̀n Celsius, níbi tí afẹ́fẹ́ tí ń mú iná jó kò ti ní ráyè débẹ̀, títí ohun mìíràn yóò fi jáde lára rẹ̀ tí kò sì ní ku ohun púpọ̀ ju kábọ́ọ̀nù lọ. Fọ́nrán tí ó bá kù tín-ín-rín ju irun orí ènìyàn lọ, síbẹ̀ bí a bá wọn òun àti irin ní ìwọ̀n kan náà, òun ni ó lágbára jù. Wọn a hun ún bí aṣọ, wọn a fi oje tí ń le gbagidi rẹ ẹ́, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ sínú mọ́ọ̀dù bí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ti ń tẹ sìmẹ́ńtì. Ohun tí ó bá ti inú mọ́ọ̀dù náà jáde lè jẹ́ ara ọkọ̀ òfurufú, ó sì lè jẹ́ gìtá.

Ní ọdún 1966, Charles Kaman, ará Amẹ́ríkà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ hẹlikópítà ṣíṣe, gbé gìtá Ovation jáde. Ẹ̀yìn gìtá náà rí rogodo, kì í sì í ṣe igi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé igi ni ojú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, John Decker, onímọ̀ físíìsì kan tí ó ń gbé ní erékùṣù Maui ní Hawaii, gbé RainSong jáde, gìtá tí ara rẹ̀ jẹ́ kábọ́ọ̀nù, tí òjò àti ọ̀rinrin erékùṣù náà kò lè rí ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn dìde. Alistair Hay ń ṣe gìtá Emerald ní ìpínlẹ̀ Donegal ní Ireland; ilé-iṣẹ́ KLOS ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà ń ṣe èyí tí ó kéré fún àjò, tí a lè tú ọrùn rẹ̀ kúrò kí ó lè wọ inú àpò. Ó hàn gbangba pé òjò, ọ̀rinrin àti ọ̀nà jíjìn ni ó bí irú gìtá bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé e wá sí Vittin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àkókò òjò ń wáyé lọ́dún ní Tamale. Bí ó bá ti parí, ọyẹ́ a ti ìhà aṣálẹ̀ fẹ́ wá, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn tí ń ṣe gìtá onígi sọ pé ibi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá wà láàrin 45 àti 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó tù ú lára jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ ọyẹ́ ní Tamale, ọ̀rinrin náà a máa wálẹ̀ kọjá 20. Igi tí a ti gé kò dẹ́kun mímu omi àti pípọ omi jáde: ó ń wú nígbà òjò, ó ń sún kì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ojú gìtá onígi kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta lọ, okùn irin mẹ́fà tí a ta sí i sì ń fà á bí ẹni so ẹrù tí ó lé ní 70 kìlógírámù mọ́ ọn. Nígbà tí irú pákó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ń sún kì, tí ìfà náà kò sì dẹwọ́, sísán ni yóò sán. Àwọn baba wa ní ìgbà ara là ń búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ẹni tí ó bá gbé gìtá onígi ilẹ̀ òkèèrè wọ inú ọyẹ́ Tamale láìsí ètò fún un ti bú Ṣàngó ní ìgbà tí òjò kò sí.

Ẹ jẹ́ kí á fi olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, kì í ṣe ẹni kan pàtó, a kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ní ojú àti ẹsẹ̀ ni. Ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ ni, Vittin ni ó ń gbé, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ti ń jẹun, gìtá ni ó sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ lórin. Lóṣù kejìlá, ó ń lọ sílé. Yóò gba Kumasi dé Accra, yóò kọjá ibodè Aflao wọ Lomé, yóò gba Kútọnù, yóò gba Sẹ̀mẹ̀ wọ Èkó, kí ó tó kọrí sí Ogbómọ̀ṣọ́. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, gìtá rẹ̀ yóò ti inú ọyẹ́ bọ́ sínú ọ̀rinrin etí òkun, yóò sì tún padà bọ́ sínú ọyẹ́. Orí ọkọ̀ ni wọn yóò dè é mọ́, lábẹ́ àpò ìrẹsì. Bí ó bá tilẹ̀ ní owó ọkọ̀ òfurufú, ìyẹn nìkan kò tó láti dáàbò bò ó: ní ọdún 2008 wọ́n fọ́ gìtá Dave Carroll, olórin ará Kánádà, láàrin ẹrù ọkọ̀ òfurufú kan ní Amẹ́ríkà, orin tí ó sì kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 2009 gba gbogbo ayé kan. Olùkọ́ yìí wá ń ronú gìtá kábọ́ọ̀nù. Owó rẹ̀ yóò gba oṣù púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ó rà á?

Àtakò kìíní tí yóò gbọ́ ni pé ohun tí kì í ṣe igi kì í ṣe ohun-èlò orin tòótọ́. Kí á má fi ojú yẹpẹrẹ wo àtakò yìí, nítorí ó ní gbòǹgbò nínú èrò wa. Àwọn onílù ilẹ̀ Yorùbá gbà pé igi ọ̀mọ̀ tí ó bá wà létí ọ̀nà ni ó dára jù fún ìlù, nítorí pé ó ti ń gbọ́ ohùn àwọn tí ń kọjá láti ìgbà tí ó ti ń dàgbà; igi tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rí, báwo ni yóò ṣe sọ̀rọ̀? Bí a bá wò ó báyìí, kí ni fọ́nrán tí ó ti inú iléru jáde gbọ́ rí? Àwọn tí etí wọn sì mú nínú gìtá sọ pé ohùn rẹ̀ mọ́ gaara ṣùgbọ́n kò ní ìgbóná ohùn igi, pàápàá èyí tí wọ́n dín ara rẹ̀ kù fún àjò, nítorí àpótí kékeré kò lè ti afẹ́fẹ́ púpọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ a sì máa tẹ́ẹ́rẹ́.

Síbẹ̀, bí a bá wo ìtàn fínnífínní, a ó rí i pé àtakò náà kò lè dúró. Àjèjì ni gìtá fúnra rẹ̀ ní etíkun wa. Àwọn Kru, atukọ̀ ojú omi láti Làìbéríà, wà lára àwọn tí ó gbé e rin etí òkun títí ó fi di ti gbogbo wa. Ní ọdún 1928, Kwame Asare àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kumasi Trio gba ohùn orin wọn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, “Yaa Amponsah” sì wà lára rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, Túndé King ń kọ orin jùjú ní Èkó. Ní ọdún 1949, Àyìndé Bákàrè so iná mànàmáná mọ́ gìtá jùjú. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó dúró kí igi etí ọ̀nà Ọ̀yọ́ tó di gìtá. Ohun tí ó sọ gìtá di tiwa ni pé ọwọ́ wa kọ́ ọ láti sọ èdè wa. Bí igi ilẹ̀ òkèèrè bá lè kọ́ èdè yẹn, kò sí ìdí tí èédú ilẹ̀ òkèèrè kò fi lè kọ́ ọ.

Ẹ̀rí tí ó tún lágbára ju ìyẹn lọ wà ní Tamale gan-an. Àwọn Dàgọ́mbà ní ohun-èlò olókùn kan tí wọ́n ń pè ní gonje, èyí tí wọ́n ń ta níwájú àwọn ọba wọn, títí kan Ya-Naa ní Yendi. Igbá ni ara rẹ̀, awọ awọ́nríwọ́n ni ojú rẹ̀, irun ìrù ẹṣin ni okùn rẹ̀, irun kan náà ni wọ́n sì fi ń ta á. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yẹn yóò ti mọ ìbátan rẹ̀: gòjé tí ó ń ké nínú orin sákárà Yusuf Ọlátúnjí ni. Jacqueline Cogdell DjeDje, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 2008 lórí irú ohun-èlò yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fi hàn bí ó ti gbòòrò tó láàrin àwọn Fúlàní, Hausa àti Dàgọ́mbà. Gòjé rìn jìnnà kí gìtá tó dé. Àwọn tí ó ṣe é kò wá igi kankan lọ sí òkèèrè. Ohun tí ó wà ní àyíká wọn tí ó sì gba ojú ọjọ́ wọn mọ́ra ni wọ́n lò. Ẹni tí ó bá fi ọgbọ́n yìí wo kábọ́ọ̀nù yóò rí i pé ohun kan náà ni Decker ṣe ní Maui: ó wá ohun tí ojú ọjọ́ ibi tí ó wà kò ní pa. Nítorí náà, a kò lè fi orúkọ ìṣẹ̀ǹbáyé bá gìtá kábọ́ọ̀nù wí.

Àtakò kejì ti inú igbó wá, ọ̀nà méjì ni ó sì kọjú sí. Àwọn kan ní kí a ra kábọ́ọ̀nù kí igi lè sinmi. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Taylor bá àwọn ẹlòmíràn ra ilé-iṣẹ́ igi ẹ́bónì kan ní Yaoundé ní Kamẹrúùnù ní ọdún 2011, Bob Taylor gbọ́ láti ẹnu àwọn agégi pé ọ̀pọ̀ igi ni wọ́n ń gé kí wọ́n tó rí ẹyọ kan tí inú rẹ̀ dúdú láìní ìlà, wọn a sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ nínú igbó. Ojú àwọn olórin tí ó fẹ́ dúdú nìkan ni ó pa àwọn igi wọ̀nyẹn. Ní àríwá Gánà pàápàá, igi tí àwọn oníṣòwò ń pè ní rosewood ti jìyà gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àga àti tábìlì ilẹ̀ Ṣáínà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ fún, kì í ṣe gìtá. Ìjọba fi òfin de gígé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, a sì fi í sábẹ́ àbójútó àgbáyé ní ọdún 2017. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ra kábọ́ọ̀nù má rò pé ọwọ́ òun mọ́. Epo rọ̀bì ni orísun rẹ̀, iléru ńlá ni ìyá rẹ̀, bí ó bá sì fọ́, ilẹ̀ kò ní jẹ ẹ́ bí ó ti ń jẹ igbá àti igi. Ìwọ̀n méjèèjì ní ẹ̀bi tirẹ̀, a kò sì lè fi ọ̀rọ̀ igbó nìkan parí ẹjọ́ yìí.

Àtakò kẹta ni ó wúwo jù, òun náà sì ni àwọn ènìyàn kì í sábà sọ jáde. Ohun tí ń béèrè ìtọ́jú ń kọ́ni ní ìwà. Ẹni tí ó ní gìtá onígi gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ọyẹ́ dé. Yóò ki kànrìnkàn tútù sínú ike tí a dá ihò sí lára, yóò fi í sínú àpò gìtá, yóò máa wò ó bí ẹni wo ọmọ tí ń ṣe ibà. Yóò mọ gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò, yóò sì mọ irú gọ́ọ̀mù tí ó dára. Àwọn àgbà ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Gìtá tí kò mọ ọyẹ́, ǹjẹ́ kò ní sọ olówó rẹ̀ di ẹni tí kò mọ ọyẹ́, tí ó ń gbé Vittin bí ẹni tí kò gbé ibì kankan?

A gbà pé ìtọ́jú ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n kí á ṣọ́ra kí á má fi ẹ̀kọ́ tí ó wọ́n lówó di ẹrù lé ẹni tí kò lówó lórí. Gìtá onígi kan ti wà nínú ilé-iṣẹ́ òfurufú àgbáyé tí ń yí ayé po láti ọdún 2001, Chris Hadfield, ará Kánádà, sì fi í kọrin níbẹ̀ ní ọdún 2013. Kí ni kò jẹ́ kí igi yẹn sán ní ibi tí ó jìnnà sí ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ń ná owó ńlá láti mú kí ó tu ènìyàn lára. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti tu olówó lára, ó ń tu gìtá rẹ̀ lára pẹ̀lú. Ẹni tí ó ní gìtá ní yàrá tí ẹ̀rọ ń ṣàkóso afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní ìwà ju olùkọ́ Vittin lọ. Ilé ni ó ní jù ú lọ. Bí a bá wá sọ fún olùkọ́ náà pé kí ó máa pàdánù gìtá kan ní ọdún méjì méjì kí ó lè kọ́ sùúrù, a ti fi òṣì rẹ̀ ṣe ilé-ẹ̀kọ́ fún un, ìyẹn kì í sì í ṣe ìwà ọmọlúàbí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nínú àtakò kẹta tí àánú kò lè fọ̀ dànù. Àìtètèbàjẹ́ yàtọ̀ sí ṣíṣe-é-túnṣe. Bí awọ ojú gonje bá ya, ẹni tí ó ṣe é wà nítòsí, awọ́nríwọ́n wà nínú igbó, ẹṣin wà ní àgbàlá ọba. Ó ń bàjẹ́ nígbà gbogbo, a sì ń tún un ṣe nígbà gbogbo, àtúnṣe yẹn ni ó so ọ̀kọrin, ọdẹ àti ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ mọ́ ara wọn. Gìtá kábọ́ọ̀nù kì í fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá gun orí rẹ̀, kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà tí iṣẹ́ igi rẹ̀ yóò ran án. Okùn rẹ̀ náà ń dípẹtà létí òkun, ìyípo tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ ń gbó bí ti gbogbo gìtá. Agbára rẹ̀ wà nínú ara rẹ̀, kò sí lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Èwo ni ó yẹ kí ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé nínú méjèèjì?

Ìtàn àwọn Yorùbá ní Tamale lè là wá lóye níbí. Kí ọdún 1970 tó dé, àwọn ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí jẹ́ gbòógì nínú òwò ọjà àríwá Gánà, J. S. Eades kọ ìwé kan lé e lórí ní ọdún 1993. Ọ̀pọ̀ wọn kò ka ara wọn sí àlejò mọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú wá a láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì, ilé kò ṣe é dì, ṣọ́ọ̀bù kò ṣe é ká bí ẹní, gbèsè tí ènìyàn jẹ ni kò ṣe é fi agbára gbà. Ohun tí ènìyàn lè gbé ni ó gbé. Ẹni tí irú ìrántí bẹ́ẹ̀ wà nínú ìdílé rẹ̀, tí ó sì ń fẹ́ ohun-èlò tí ó fúyẹ́ tí kò sì béèrè ibi ìsinmi, a kò lè pè é ní aláfẹ́. Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà ní ojú kejì. Ohun tí ó mú kí Tamale jẹ́ ilé fún wọn fún ọdún gbọọrọ kì í ṣe pé ẹrù wọn fúyẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ná ọjà ni. Ẹrù tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni dára fún ọjọ́ tí a bá ń lọ. Fún ọjọ́ tí a bá jókòó, ènìyàn ni a nílò.

Nítorí náà, ìdájọ́ wa rèé. Bí olùkọ́ Vittin yẹn bá ń kọjá láti inú ọyẹ́ bọ́ sínú ọ̀rinrin lọ́dọọdún, bí gìtá bá jẹ́ ara ohun tí ó fi ń jẹun, bí gbígbà á kò bá sì ní gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀, ó tọ́ kí ó ra gìtá kábọ́ọ̀nù. Kò gbọ́dọ̀ sí ẹni tí yóò fi ìṣẹ̀ǹbáyé dá a lẹ́bi. Ẹni tí kì í rìn, tí ó ti ní gìtá onígi, tí ó sì mọ ẹni tí ó lè tún un ṣe, kí ó jókòó ti tirẹ̀. Àìfẹ́ ṣe ìtọ́jú nìkan kò tó ìdí láti ra òmíràn. Kí ẹnikẹ́ni sì tó ná owó, kí ó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ohùn kékeré tí gìtá àjò ní yóò tó fún ibi tí ó ti fẹ́ lò ó, nítorí ìnira ọ̀nà a máa tán nígbà tí a bá délé, ohùn gìtá kì í yí padà.

Ó ku ojúṣe kan tí rírà náà mú wá, èyí tí a gbà pé ó ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Ohun ẹlẹgẹ́ a máa sọ olówó rẹ̀ di onílara láìmọ̀. Ẹni tí ó ní gìtá onígi ní ìlú ọyẹ́ ní ìdí tí ó fi ń sọ fún ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ pé, “Má fọwọ́ kàn án.” Ìdí yẹn tọ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ní mọ gìtá ta. Gìtá tí oòrùn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò lè sán, tí ọwọ́ ogún ọmọ kò lè bà jẹ́ bọ̀rọ̀, ti gba àwáwí yẹn lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á. Àkókò tí ì bá fi rẹ kànrìnkàn sínú omi ti ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, ẹ̀rù tí ì bá máa bà á náà ti lọ. Bí ó bá tọ́jú gìtá náà sínú àpò bí ẹni tọ́jú wúrà, ó ti ra agbára kan tí kò lò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gbé e lé ọmọ Dàgọ́mbà àti ọmọ Yorùbá lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ bá parí ní Vittin, tí ó sì mú ọ̀kan nínú wọn lọ jókòó ti ẹni tí ń ta gonje kí etí rẹ̀ lè gbọ́ bí okùn kan ṣoṣo ti ń sọ̀rọ̀, ìtọ́jú tí ohun-èlò rẹ̀ kò béèrè mọ́ ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ó ṣì ń béèrè rẹ̀.